Ọmọ mi àti àbúrò ọkọ mi jọ ṣe ìdánwò kan náà, kí ló dé tí bẹ́líìtì wọn ò bára mu?

Ìyá Fìkáyọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ Taekwondo, kàrátè tàbí júdò.

Fìkáyọ̀ ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 12. Láti kékeré ló ti ń kọ́ Taekwondo. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ń wò ó títí, òun náà bá wọ ẹgbẹ́ wọn. Òun ti lé lọ́mọ ogún ọdún. Nígbà tí ìdánwò bẹ́líìtì dúdú dé, àwọn méjèèjì jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, níwájú àwọn olùdánwò kan náà. Mo jókòó síbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Taegeuk 8, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìpá àti ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń há sórí, tí àbúrò ọkọ mi ṣe ni Fìkáyọ̀ náà ṣe, kí n má sì parọ́, ti ọmọ mi mọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fò sókè ta ìpá, ó balẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ rárá. Wọ́n jọ yege.

Ìgbà tí wọ́n wá ń pín bẹ́líìtì, dúdú kirikiri ni wọ́n so fún àbúrò ọkọ mi. Ti Fìkáyọ̀, pupa lápá kan, dúdú lápá kejì. Kóòṣì ní Poom ni wọ́n ń pè é, pé tó bá di ọmọ ọdún 15 wọn yóò yí i sí dúdú, a ó sì san owó nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn ọmọ ò so ó mọ́dìí. Ó ní ṣé ìdajì ìdánwò lòun ṣe ni? Èyí tó tún dá kún un ni pé ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń kọ́ níbòmíràn, ọmọ ọdún 9, bẹ́líìtì dúdú gidi ló ń so kiri.

Ṣé wọn ò máa rẹ́ wa jẹ báyìí? Ṣé kí n mú un kúrò níbẹ̀ ni? Owó tí wọ́n ní a ó san lẹ́yìn ọ̀la yẹn náà ń kọ mí lóminú.

Ìyá Ìbejì

Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ kú oríire ọmọ o. Kí ẹ tó bínú, ẹ béèrè ìwé. Bẹ́líìtì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n ń tà á lọ́jà.

Bàbá Rọ̀kíbà (kóòṣì, Òṣogbo)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Taekwondo ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Kóòṣì yín ò rẹ́ yín jẹ lórí àwọ̀ bẹ́líìtì yẹn. Kukkiwon tó wà ní Seoul ní Kòríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, ló ń fọwọ́ sí ipò bẹ́líìtì dúdú fún irú Taekwondo tí wọ́n ń ṣe ní Òlíḿpíìkì, èyí tí Chika Chukwumerije tiwa fi gba idẹ ní Beijing lọ́dún 2008. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 15 kò lè gba Dan, ìyẹn ipò bẹ́líìtì dúdú ti àgbà. Poom ló máa gbà. Poom 1 àti Dan 1, ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìdánwò kan náà ni, ẹ̀yin gan-an ti fi ojú yín rí i. Kọ́là dobok rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe Taekwondo, náà á jẹ́ pupa àti dúdú, ti àgbà á jẹ́ dúdú nìkan.

Ohun tí àwọn òbí kì í sábà gbọ́ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á fún Fìkáyọ̀ dáadáa. Láti 1 dé 2, ọdún kan ni wọ́n máa ń dúró, láti 2 dé 3, ọdún méjì, láti 3 dé 4, ọdún mẹ́ta. Bákan náà ni fún ọmọdé àti àgbà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ Dan 1 ní ọmọ ọdún 15, tí kò fi ìdánwò kankan ṣòfò, á pé 21 kó tó lè gba Dan 4. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Poom wá lè di Dan 4 ní ọmọ ọdún 18. Àwọn ọdún tí Fìkáyọ̀ ń lò báyìí ò sọnù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Tó bá ṣe Poom 2 lọ́dún tó ń bọ̀, lọ́jọ́ tó bá pé 15, Dan 2 ni yóò yí i sí tààrà. Kò ní padà wá bẹ̀rẹ̀ láti Dan 1, kò sì ní tún ìdánwò ṣe. Poom 4 nìkan ló ń dúró di ọmọ ọdún 18 kó tó yí.

Akínkanjú Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n èmi ò gbà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ẹ fún un lóyè iṣẹ́. Ọmọ ọdún 12 tó ṣe ju ọmọ ogún ọdún lọ, kí ló dé tí a ó máa fi àwọ̀ mìíràn ya á sọ́tọ̀? Ṣé ọmọ tó bá gba A nínú ìṣirò, wọ́n máa ń sọ pé kó dúró di ìgbà tó bá dàgbà kí A rẹ̀ tó pé ni?

Àbíkẹ́ (Manchester)

Àbúrò, ìdánwò ìṣirò kì í gbé èèyàn ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí níbí.

Ọmọkùnrin mi ń ṣe jiu-jitsu ti Brazil. Lábẹ́ òfin IBJJF, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń darí rẹ̀, láti ọmọ ọdún 4 títí dé 15, bẹ́líìtì ọmọdé dá dúró gedegbe: funfun, àwọ̀ eérú, ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lára mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn tún pín sí mẹ́ta: èyí tó ní ìlà funfun láàárín, èyí tó jẹ́ àwọ̀ kan, èyí tó ní ìlà dúdú. Ẹ kà á pọ̀ mọ́ funfun, 13 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí búlúù, kò sí àlùkò, kò sí dúdú fún ọmọdé, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ó dọmọ ọdún 16 kó tó gba búlúù. Dúdú, ó di 19.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹni tó so búlúù, gbogbo èèyàn tó bá wọ orí ẹní pẹ̀lú rẹ̀ ló gbà pé ó lè bá àgbà jà, pé wọ́n lè fún un lọ́rùn, wọ́n lè lọ́ ọ lápá, wọ́n lè lọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fọwọ́ gbá ilẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ọmọ kéékèèké, wọn ò gbà kí wọ́n lọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ rárá, torí egungun ọmọ ò tíì gbó, ọmọ a sì máa ṣe agídí dípò kó fọwọ́ gbá ilẹ̀. Ọmọ kì í kọ́ gbogbo ohun tí àgbà ń kọ́. Báwo ni bẹ́líìtì wọn ṣe máa wá jẹ́ ọ̀kan?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣe júdò. Níbí ní Britain, ipò tí wọ́n ń pè ní mon ni wọ́n fi ń tò wọ́n, 18 ni: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búlúù, bíráùn, mẹ́ta mẹ́ta lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà kékeré tí wọ́n ń rán mọ́ ẹnu bẹ́líìtì ló ń fi hàn bóyá ìkíní ni, ìkejì tàbí ìkẹta. Àwọn àgbà ní ipò tiwọn tí wọ́n ń pè ní kyu. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọmọ ń rí nǹkan gbà déédéé. Ọmọ ọdún 8 ò lè dúró ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń ṣe dáadáa.

Akínkanjú Ẹ̀gbá

Ti jiu-jitsu yẹn yé mi, ẹ ṣeun mà. Ti Taekwondo ni kò tíì wọ̀ mí létí, níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò wọn ti jẹ́ ọ̀kan náà.

Bàbá Rọ̀kíbà (kóòṣì, Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ yín ní láárí. Ohun tí mo máa sọ ni pé ìdánwò ò tóbi tó iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá so Dan, wọ́n lè ní kó dúró níwájú kíláàsì, kó di tìmùtìmù tí wọ́n ń ta nípàá mú fún ẹni tó tóbi jù ú lọ, kó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àgbà jà. Mi ò lè fi ọmọ ọdún 12 tó wúwo tó kìlógíráàmù 35 síwájú ọkùnrin tó wúwo tó 80 torí pé bẹ́líìtì wọn dọ́gba. Nínú ìjàkadì ilẹ̀ wa náà, ẹgbẹ́ ló ń dojú kọ ẹgbẹ́, ọmọ tó bá gbé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú gbayì gidi láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ di àgbà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ wọ̀nyí ò ti ọ̀run wá. Kanō Jigorō tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882 ló mú ètò Dan wọ ọ̀rọ̀ ìjà, kàrátè àti Taekwondo sì yá a lò lẹ́yìn náà. Ní Yúróòpù ni oríṣiríṣi àwọ̀ ti gbilẹ̀, Kawaishi tó ń kọ́ni ní júdò ní Paris láwọn ọdún 1930 ṣe gudugudu méje níbẹ̀, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa rí ìlọsíwájú ara wọn. Láti dá ọmọdé sọ́tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣòfin tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bú ilé ẹ̀kọ́ tó fún ọmọ ọdún 9 ní dúdú láìmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. ITF, ẹgbẹ́ Taekwondo mìíràn tí Choi Hong Hi dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, ní ètò tirẹ̀, kì í ṣe ti Kukkiwon. Àmọ́ bó bá jẹ́ abẹ́ Kukkiwon ni wọ́n ní àwọn wà, Dan ò sí fún ọmọ ọdún 9. Bẹ́líìtì inú ilé lásán ni wọ́n fún un nìyẹn, kò ní níyì tó bá jáde níbẹ̀.

Ìyá Fìkáyọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ owó yẹn wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èyí tí mo ti san dé Kòríà?

Bàbá Rọ̀kíbà (kóòṣì, Òṣogbo)

Ẹ ní kí kóòṣì to owó náà fún yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èló ni ti bẹ́líìtì, èló ni ti olùdánwò, èló ni ti ìwé ẹ̀rí Kukkiwon. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ìwé ẹ̀rí náà á ní nọ́ńbà, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ sì lè fi wọ́n wá a lórí ìkànnì Kukkiwon fúnra yín. Bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, owó yín dé ibi tó yẹ. Ẹ béèrè ipò kóòṣì náà pẹ̀lú, torí ẹni tí kò bá tó Dan 4 ò lè fa akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀ fún Kukkiwon, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí i. Owó tí ẹ máa san ní ọdún 15, ti ìwé tuntun ni. Bí wọ́n bá ní owó ìdánwò ni, ẹ má san án.

Títílọpẹ́ (Èkó)

Ẹ kú àṣálẹ́ mà. Èmi gba Poom nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti di Dan báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ Fìkáyọ̀ gan-an ló mú mi dúró.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé bẹ́líìtì náà dára bákan náà. Ó ti rí i pé kò rí bákan náà, kò ní gbà yín gbọ́. Ẹ fún un ní bébà kó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síbẹ̀: 12, Poom 1. 13, Poom 2. 15, Dan 2, kó sì ṣe ti Dan 3, torí ọdún méjì ti pé láti Poom 2. 18, Dan 4. Kó kọ ti bọ̀ọ̀dá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi, ohun tó mú mi gbà nìyẹn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ bẹ kóòṣì kó jẹ́ kó máa ka iye ìpá fún àwọn ọmọ bẹ́líìtì funfun tí wọ́n bá ń nara. Àwọn ọmọ kékeré yẹn ò mọ̀ ju pé ẹni tó so pupa àti dúdú ló wà níwájú, ojú àgbà ni wọ́n máa fi wò ó.

Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú kó má fi ọmọ aládùúgbò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n fún ọmọ ló so.

Ìyá Fìkáyọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lọ bá kóòṣì, mo sì béèrè gbogbo rẹ̀. Kò bínú rárá, ó to owó náà fún mi. Ọ̀gá tirẹ̀ tó jẹ́ Dan 5 ló fa wọ́n kalẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ti dé, mo wá orúkọ Fìkáyọ̀ lórí ìkànnì, ó jáde. Ọmọ ti kọ bébà Títílọpẹ́, bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ló bá a fà á ní ìlà, ó ti wá ń béèrè ìgbà tí Poom 2 máa jẹ́.

Nǹkan kan ni mo rí. 4 oṣù kọkànlá ni mo bí i. Ohun tó wà lórí ìwé ni 11 oṣù kẹrin. Ṣé ó ṣe nǹkan kan, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Bàbá Rọ̀kíbà (kóòṣì, Òṣogbo)

Ẹ má fi í sílẹ̀ mà! Ọjọ́ ìbí yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ pé ó ti pé 15. Bí ìwé Poom bá yàtọ̀ sí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wàhálà ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yí i sí Dan tàbí tó bá fẹ́ lọ díje lókè òkun. Ẹnì kan ló ṣi ọjọ́ àti oṣù gbé nígbà tó ń kọ ọ́. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ fún kóòṣì lọ́sẹ̀ yìí, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó fà wọ́n kalẹ̀, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún àtúnṣe kí Poom 2 tó dé. Ẹ yẹ sípẹ́lì orúkọ rẹ̀ wò pẹ̀lú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Fìkáyọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun sà. Ní Sátidé tí mo bá gbé e lọ síbi ẹ̀kọ́, mo máa mú ìwé náà dání.