Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó fẹ́ kó iṣẹ́ ẹ̀ bọ̀ wálé?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Kubwa ní Abuja ni mo wà. Ó ti tó ọdún 6 tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń rán bàtà aláwọ ní Guangzhou ní Ṣáínà ká tó kó o wọlé, bẹ́ẹ̀ awọ dáadáa kún Kánò níbí, ó máa ń dùn mí gan-an. A ti wá fẹ́ kó máṣíìnì wa 14 bọ̀ wá sí Sharada ní Kánò. Wọn ò tuntun mọ́ lóòótọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ wọn ṣì ń gún àtẹ́lẹsẹ̀ tó nípọn já.

Pioneer status tí wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀, ọdún 3 láìsan owó orí ilé iṣẹ́ tí wọ́n sì lè fi 2 lé e, òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀dínwó 5% lọ́dọọdún fún ọdún 5 lórí owó téèyàn ná sórí ẹ̀rọ àti ilé ló kù. Akántáǹtì wa ní ká lọ bẹ ìjọba Kánò, àmọ́ owó orí ilé iṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á, PAYE, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ni ti ìpínlẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé wọ́n máa ka máṣíìnì tá a ti lò mọ́ owó yẹn àbí tuntun nìkan, ṣé ká sì gbàwé àṣẹ ká tó kó wọn sínú kọ̀ǹténà ni àbí ìgbà tí wọ́n bá dé?