Ìmúgbòòrò kan ṣoṣo kò tó: àká, ààlà àti ètò fáìlì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà OpenStack tí à ń túmọ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀rọ àfojúrí (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn): pé kí “volume”, dísíìkì tí à ń so mọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ ìdìpọ̀, kí “extend” sì jẹ́ ìmúgbòòrò. Mi ò fara mọ́ èkíní. Èkejì ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó lè mú kí ẹni tó bá tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà wa dúró sí ìdajì ọ̀nà.

Ohun tí a bá dì, tí a sì so, kì í fẹ̀ àyàfi tí a bá tú u; yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé ni ìdìpọ̀ ti mọ́ wa lára fún. Fọ́lúùmù ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ “fi kún fọ́lúùmù”, rédíò ni yóò nawọ́ sí. Àká ni mo dábàá. Àká dá dúró lọ́tọ̀ sí ilé tí à ń gbé. Bí wọ́n bá wó ilé, àká lè wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Cinder, apá OpenStack tó ń bójú tó àká: bí a bá pa ẹ̀rọ rẹ́, àká tí a so mọ́ ọn ṣì wà, àfi tí a bá ti pàṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ìṣe. Ká ní àká kan jẹ́ 20 GiB, a sì fẹ́ kó di 40. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ data, a ó kọ:

openstack --os-volume-api-version 3.42 volume set --size 40 data

Ẹ̀dà 3.42 ti API Cinder yẹn ló kọ́kọ́ gbà ká ṣe é nígbà tí àká ṣì so mọ́ ẹ̀rọ. Bí ètò yín bá dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ ní láti kọ́kọ́ tú u kúrò lára ẹ̀rọ. Nígbà tó bá tán, ẹ wọ inú ẹ̀rọ, ẹ kọ lsblk, àṣẹ tó ń to àwọn dísíìkì: vdb, ìyẹn àká náà, ti di 40G, ṣùgbọ́n vdb1, ìpín tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣì jẹ́ 20G. Ẹ kọ df -h, tó ń fi ìwọ̀n ètò fáìlì (ètò tí a fi ń to fáìlì sínú ìpín) hàn: 20G náà ni. Ibí yìí ni ẹni tó ka “ìmúgbòòrò” ti máa ń rò pé àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́, tí yóò sì tún un pa. Àṣẹ náà ṣiṣẹ́ o. Yàrá ti fẹ̀, ẹní ni kò tíì dé ògiri.

Iṣẹ́ kejì ni growpart /dev/vdb 1, àṣẹ tó ń mú ìpín fẹ̀. Ẹ fi àlàfo sáàárín vdb àti 1. Mo fẹ́ ká pe èyí ní sísún ààlà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní sísún ààlà ń rùn bí ìjà ilẹ̀, àmọ́ ìdí tí mo fi yàn án gan-an nìyẹn. Bí ìpín mìíràn bá wà lẹ́yìn èyí tí ẹ fẹ́ fẹ̀, growpart kò ní wọ ilẹ̀ aládùúgbò: NOCHANGE ni yóò kọ, nǹkan kan kò sì ní yí. Bí ètò fáìlì bá jókòó tààrà sórí vdb láìsí ìpín kankan, ẹ fo iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta ni títẹ́, ìyẹn mímú ètò fáìlì fẹ̀ dé ààlà ìpín. Irú ètò fáìlì ni ext4 àti XFS. Fún ext4: resize2fs /dev/vdb1. Fún XFS, ètò fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí (mounted), orúkọ fódà tí ó ṣí sí la ó sì kọ, bíi xfs_growfs /data. Ẹni tó bá fi resize2fs lu XFS yóò rí “Bad magic number in super-block”, ọkàn rẹ̀ á sì já pé dátà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, irinṣẹ́ ló ṣì mú. Kí ìtọ́sọ́nà wa sọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fi lsblk -f wo irú ètò fáìlì tó jẹ́.

Àwọn tó fẹ́ “ìyípadà ìwọ̀n” fún “extend”, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣílẹ̀kùn sí ẹ̀yìn. Cinder kì í gba ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ext4 lè dínkù, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí a bá tì í (unmount). Bí àyè bá tán lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń pèsè àká, ipò àká lè di error_extending. Ẹ má ṣe túmọ̀ ìyẹn, torí òun ni òǹkàwé yóò rí lójú ẹ̀rọ, òun náà ni yóò sì wá.

Bí àbá yìí bá wọlé, gbólóhùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, “Mú ìdìpọ̀ gbòòrò sí 40”, yóò di mẹ́ta: Mú àká náà fẹ̀ dé 40 GiB. Sún ààlà ìpín rẹ̀. Tẹ́ ètò fáìlì dé ààlà tuntun.