Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kókó nínú ọkàn ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ìró yà) tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹni ọdún 46, fi kókó hàn ní yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn, omi sì yí ọkàn ká. Àwọn kan ní ká tètè bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Lágere: Ẹ má tíì gba kẹ́mò kankan. Echo kì í dárúkọ kókó. Ẹ̀jẹ̀ dídì gan-an lè jọ ọ́. Nínú kókó tó hù látinú ọkàn fúnra rẹ̀, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í ṣe jẹjẹrẹ. Myxoma, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ló pọ̀ jù, apá òsì ló sì sábà máa ń wà. Ti apá ọ̀tún tó tún lómi yìí ló ń kọ mí lóminú, torí ibẹ̀ ni angiosarcoma, jẹjẹrẹ tó ń hù látinú iṣan ẹ̀jẹ̀, fẹ́ràn. Ẹ béèrè àwòrán MRI ọkàn, pẹ̀lú àwòrán CT àyà àti ikùn: jẹjẹrẹ tó ti ọyàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ràn dé ọkàn wọ́pọ̀ fíìfíì ju èyí tó hù níbẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Omi yẹn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bí mímí bá ń nira, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀, tí iṣan ọrùn wú, ẹ má dúró de ọjọ́ kíríníìkì. Ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kíá. Tí wọ́n bá fa omi náà, kí wọ́n má dà á nù, ilé àyẹ̀wò ni kó lọ. Bí èsì bá sì ní kò sí jẹjẹrẹ, ẹ má tíì jó o. Sarcoma, ìyẹn ẹ̀yà jẹjẹrẹ tí angiosarcoma wà lára rẹ̀, kì í sábà hàn nínú omi.

Ará Mọ́ọ̀rè: Biopsy, gígé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, ló kù. Inú fọ́málìnì (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà) ìdá 10 nínú 100 ni kí wọ́n fi ẹran náà sí, kí fọ́málìnì pọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran. Èyí tó bá há sínú ìgò kékeré á rà láàrin. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì tíì lo prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn steroid, àfi tí dókítà bá ní ẹ̀mí wà nínú ewu: tó bá jẹ́ lymphoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, oògùn yẹn á yọ́ ọ, ẹni tó ń wo ẹran ò ní rí nǹkan kà. Lymphoma ò fẹ́ ọ̀bẹ, àpapọ̀ oògùn tí wọ́n ń pè ní R-CHOP ni. Sarcoma ni wọ́n ń gé, bó bá ṣeé gé mọ́ pátápátá.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ ṣeun gan-an. Kẹ́mò sarcoma ò ní ba ọkàn ọ̀hún jẹ́ bí?

Lágere: Ó lè bà á jẹ́. Doxorubicin ni wọ́n sábà ń lò. Àpapọ̀ tí ènìyàn lè gbà láyé rẹ̀ kì í sábà kọjá miligíráàmù 450 sí 550 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó. Echo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, echo láàrin ìtọ́jú. Ẹ máa kọ iye oògùn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tiyín, fáìlì ń sọnù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Tí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta á, kó pariwo lójú ẹsẹ̀. Oògùn yẹn máa ń jó ẹran ara bó bá jò síta iṣan. Ìtọ̀ pupa lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ oògùn ni.