Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwàásù ìsìnkú àwọn ọba Faransé, ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fi awọ dúdú dì

Àbẹ̀kẹ́ Paris: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi, olùkọ́ ìtàn, fẹ́ ra ìwé àtijọ́ kan níbí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ìwàásù ìsìnkú ìdílé ọba ló kún inú rẹ̀. Awọ dúdú ni èèpo rẹ̀, etí àwọn ewé rẹ̀ náà dúdú, wọ́n sì fi fàdákà tẹ omijé àti agbárí sí i lára. Oníṣòwò ní ayé Louis XIV ni wọ́n ti kọ ọ́. Kí ni ká wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa?

Ọmọ Alákọ̀wé: Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ń wàásù lé lórí. Bossuet, bíṣọ́ọ̀bù tó lókìkí fún ìwàásù, wàásù fún Henriette, ìyàwó àbúrò ọba, ní Saint-Denis, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sin àwọn ọba Faransé sí, ní 21 Oṣù Kẹjọ 1670. Ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà tó kú. Ó wàásù fún Olorì Marie-Thérèse níbẹ̀ náà ní 1683. Ìwọ̀nyẹn bá ayé Louis XIV mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìwàásù Massillon, oníwàásù mìíràn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ọlọ́run nìkan ló tóbi, ẹ̀yin ará mi”, Louis XIV fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sin níbẹ̀, ní 1715. A jẹ́ pé irọ́ ni oníṣòwò ń pa, tàbí kò ka ìwé tó ń tà.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni. Kí ẹ tún rántí pé wọ́n tẹ àwọn ìwàásù Bossuet yìí jáde nígbà ayé rẹ̀ gan-an, ẹlòmíràn a sì jókòó dà á kọ látinú ìwé títẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé títẹ̀ wà lórí Gallica, ibi ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilé ìkàwé ìjọba Faransé. Ẹ fi wéra ní ìlà dé ìlà.

Adìwé: Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ èèpo. Agbárí lára ìwé ti wà ṣáájú Louis XIV. Henri III, tó jọba Faransé láti 1574 sí 1589, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Torí náà agbárí nìkan kò fi ọjọ́ orí ìwé hàn. Ẹ wo fàdákà náà dáadáa: fàdákà àtijọ́ a máa ṣú, tó bá ń dán yanran, ẹ bèèrè ìdí. Bí kòkòrò bá ti dá ihò sí ewé àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá ihò náà wọ inú èèpo. Bí kò bá wọ ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un dì lẹ́yìn náà. Ẹ gbé ewé kan síwájú iná kí ẹ rí àmì àwọn tó ṣe bébà.

Àbẹ̀kẹ́ Paris: Ẹ ṣeun gan-an. Ìtọ́jú ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n fi òróró pa awọ náà.

Adìwé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò! Òróró á ba awọ jẹ́, á sì wọ inú bébà. Fọ ọwọ́, nu ún gbẹ, ìyẹn sàn ju ìbọ̀wọ́ lọ, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí ewé ṣe tinrín tó. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni tàdáwà. Irin wà nínú tàdáwà ayé yẹn, ó máa ń jẹ bébà. Ẹ yí ewé padà: níbi tí lẹ́tà bá ti yọ pupa-dúdú sí ẹ̀yìn, ọ̀rinrin ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Àpótí páálí tí kò ní ásíìdì, yàrá tútù, kí òòrùn má kàn án.

Ọmọ Alákọ̀wé: Ẹ bèèrè ọwọ́ ẹni tí ìwé náà ti kọjá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ń gbèrò láti gbé e kúrò ní Faransé lọ́jọ́ iwájú, ìjọba lè béèrè ìwé àṣẹ, ẹ tètè mọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àbẹ̀kẹ́ Paris: Mo ti fi gbogbo rẹ̀ han ọkọ mi. A ó padà sọ́dọ̀ oníṣòwò náà ní Sátidé, Massillon la ó kọ́kọ́ wá.