Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ilé Àgùdà tá a fẹ́ sọ di ọ́fíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí mi. Ọ̀gá wa ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó, irú èyí táwọn tó ti Brazil dé kọ́, ó fẹ́ kó di ọ́fíìsì, èmi ló ní kí n bójú tó o. Orí fèrèsé ẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, àtẹ̀gùn onípákó ẹ̀ ṣì le gbagidi, àmọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ń rin, tó o bá fọwọ́ kàn án ṣe ló ń ya lulẹ̀. Bíríkìlà ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀, ọkàn mi ò gbà á, torí ògiri tí wọ́n fi láìmù (ẹfun ìkọ́lé) mọ, sìmẹ́ǹtì á sé omi mọ́nú ẹ̀ ni. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ibo lẹ ti ń ra láìmù? Wáyà AC àti íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ibo la lè gbé e gbà tá ò ní gbẹ́ ògiri? Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan l'Ékòó tí wọ́n kọ́ ní 1855, tíjọba sọ di ohun àjogúnbá ní 1956, wọ́n ṣì wó o ní 2016, ó ṣì ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kí tiwa bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ káfíńtà tó mọ pákó àtijọ́ tún ṣe, kó júwe ẹ̀ fún mi.