Corolla àbí Benz C-Class: èwo ló máa gun òkè ẹlẹ́rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tòkunbọ̀ kékeré ni mo fẹ́ rà, Corolla 2005 àbí Benz C-Class 2004, òkè sì ni ọ̀nà ilé wa n'Íbàdàn, kò sí ọ̀dà, tójò bá ti rọ̀ ẹrẹ̀ pupa ni gbogbo ẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní taya iwájú ló ń fa Corolla, ẹ́ńjìnnì sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀, ti Benz ẹ̀yìn ló ti ń tì í, tí bùútù bá ṣófo á kàn máa yí lójú kan. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń gòkè, ṣebí ẹ̀yìn ni ìwúwo mọ́tò ń wọ́ lọ? Ibẹ̀ gan-an ló dà mí láàmú. Ẹ̀rù ṣáàfùtù iwájú Corolla, irin tó ń yí taya, náà ń bà mí, tí rọ́bà tó bo oríkèé ẹ̀ bá ya, gíríìsì á jò dànù, á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ téèyàn bá ń yí kọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa méjèèjì nínú ẹrẹ̀, ẹ dákun, èwo ni kí n rà?