Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe HOD (olórí ẹ̀ka) Físíìsì, mi ò tíì di Ọ̀jọ̀gbọ́n: ṣé kí n gbà á?

Erùpẹ̀Ilé: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Senior Lecturer ni mí, ìtànṣán inú erùpẹ̀ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Ìwé mi fún ipò Reader, tó kángun sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ku díẹ̀ kó pé. Wọ́n wá ní kí n ṣe adelé HOD, bẹ́ẹ̀ PHY 101 àti práktíkà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Ṣé ìwádìí mi ò ní dẹnu kọlẹ̀ báyìí?

BàbáSẹ́nètì: Àbúrò, kọ́kọ́ mọ ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé lé ọ lórí. HOD ló ń pín kọ́ọ̀sì, òun ló ń jókòó ti èsì ìdánwò kó tó kúrò ní ẹ̀ka, òun náà ló ń lọ jẹ́jọ́ rẹ̀ ní Sẹ́nètì. Pé wọ́n pè ọ́ ní adelé ò dín iṣẹ́ kù.

Béèrè ohun kan kó o tó dáhùn: ìgbà wo ni àbẹ̀wò NUC, àjọ tó ń yẹ ẹ̀ka fásitì wò, tó kàn? Bí ẹ̀ka bá gba full (ìfọwọ́sí kíkún), ọdún 5 ni; bó bá jẹ́ interim (ti ìgbà díẹ̀), ọdún 2 péré. Full ń fẹ́ 70 nínú 100, ó kéré tán, wọ́n á sì ka orí olùkọ́ mọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́: 1 sí 20 ni ti sáyẹ́ǹsì. Bí àbẹ̀wò yẹn bá bọ́ sí àsìkò rẹ, fáìlì lo máa máa kó kiri, kì í ṣe erùpẹ̀.

Kó o má sì gbà á torí Reader. Ìwé tó o kọ ni àwọn assessor níta máa kà; wọn ò ní bi ọ́ pé ìpàdé mélòó lo darí.

GammaÒru: Ẹ gbà mí láyè kí n ta ko Bàbá díẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ka gamma (ìtànṣán inú erùpẹ̀ yín), ẹ̀yin kọ́. Ẹ fi erùpẹ̀ 200 g sínú ike, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kí radon (gáàsì tí radium inú erùpẹ̀ ń bí) àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè bá radium dọ́gba. (Ọjọ́ 3.8 ni radon fi ń dínkù sí ìdajì; ọjọ́ 28 lé díẹ̀ ní ìlọ́po 7 rẹ̀.) Lórí NaI (ẹ̀rọ tó ń ka gamma), ẹ kà á fún 36,000 sẹ́kọ́ńdì, wákàtí 10 gbáko. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ ní aago 7 alẹ́, á parí ní 5 ìdájí. Erùpẹ̀ 40, òru 40, ẹ fi òru díẹ̀ kún un fún ike òfìfo.

Iná ló ń bà á jẹ́. Bó bá lọ lóru, kíkà yẹn di àtúnṣe. Bí AC nìkan bá kú ńkọ́? Ìyẹn burú jù, torí ẹ̀rọ á máa kà lọ ní tirẹ̀, àmọ́ bí yàrá ṣe ń gbóná, òkè K-40 (potásíọ̀mù inú erùpẹ̀) tó yẹ kó wà ní 1,460 keV (ìwọ̀n agbára ìtànṣán) á ti sún kúrò láyè rẹ̀. Ẹ máa fi orísun ìtànṣán tí a mọ agbára wọn, Cs-137 (662 keV) àti Co-60 (1,173 àti 1,332 keV), yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé erùpẹ̀ sí i. Invertà tó lè gbé ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà di ìdájí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, ẹ fi àga ọ́fíìsì sílẹ̀ ná.

Olùkọ́Lab: Práktíkà ló máa jẹ àkókò yín ju lẹ́kíṣọ̀ lọ. Ẹ wo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mítà 1: ìyípo kan tó nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 2. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ẹyọ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ fi 0.2 sẹ́kọ́ńdì pẹ́, ti ṣìṣe 10% nínú T (àkókò ìyípo kan), ó sì di nǹkan bí 20% nínú g (ìwọ̀n òòfà ilẹ̀). Bó bá ka 20 ìyípo, àṣìṣe g ò ju 1% lọ. Ẹ kọ èyí sórí ìwé máàkì kan ṣoṣo, kí àwọn Graduate Assistant máa fi máàkì. Ẹ di ìbéèrè ìdánwò mú fúnra yín.

Erùpẹ̀Ilé: Ẹ ṣeun gan-an. Mo béèrè, àbẹ̀wò ku ọdún 3. Ti invertà yẹn, ṣé tí mo bá gbà á tán ni kí n sọ ọ́?

BàbáSẹ́nètì: Rárá o. Ṣáájú, kó sì wà nínú lẹ́tà.